Ìbéèrè Ìyá Alábọ́

Bí o bá wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìyá mi àgbà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún ọ ni omi tútù. Ohun kejì ni ìbéèrè. Owó tàbí oúnjẹ tàbí ìrànlọ́wọ́ yòówù tó gbé ọ wá, ó di ẹ̀yìn ìbéèrè yẹn. "Ọmọ ìlú wo nínú Ẹ̀gbá?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń bi í, bí ẹni ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ.

Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pọ̀ ìlú ló sá àsálà wá sábẹ́ àpáta nígbà ogun. Kálukú wá pẹ̀lú olóyè rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, wọ́n jọ tẹ̀dó, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Bí o bá bi ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n tọ́ sílé léèrè ìlú rẹ̀, kò ní sọ fún ọ pé Abẹ́òkúta. Á ní Kẹ́mta ni òun, tàbí Ìjẹ̀un, tàbí Ìtòkò bíi tiwa. Bó bá pe Abẹ́òkúta, àlejò ni, tàbí kó jẹ́ pé irọ́ ló ń pa. Ohun tí Ìyá Àgbà gbà gbọ́ nìyẹn, ohun tí gbogbo wa sì gbà gbọ́ pẹ̀lú wọn nìyẹn.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé wọn síbí. Àwọn fúnra wọn ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, èmi náà ò ní í dọ́gbọ́n sí i. Ìwà wọn ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tó yí ìwà náà padà. Ohun ìtìjú ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n ni àwọn èèyàn ti ń wá kí wa, tí wọ́n ń pariwo pé, "Ìyá Alábọ́, olóore ayé!" Olóore ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pariwo yìí ò mọ ibi tí oore náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti sú mi láti máa mi orí fún wọn.

Abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà, lójúde ilé wa, lẹ́bàá ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìtòkú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Ìyá Alábọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Èkó, wọn kì í wo òdòdó tí wọ́n yà sára abọ́ rárá. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á fi èékánná ta á létí, wọ́n á wá gbọ́ bó ṣe dún. "Èyí ti bó," wọ́n á wí, wọ́n á sì dá a padà. Mo ti rí i tí ọkùnrin kan búra títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún pé abọ́ òun ò bó. Ìyá Àgbà kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Abọ́ ò mọ irọ́ ọ́ pa, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Bí wọ́n ṣe ń fi èékánná ta abọ́ wò ni wọ́n ṣe ń fi ìbéèrè ta èèyàn wò. Òkìkí wọn kàn débi pé bí àlejò kan bá dé ojúde ẹlòmíì, tó ní àwọn olè ti gba owó òun, tàbí pé ìyàwó òun wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹni yẹn á ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alábọ́ ná." Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó fọ eyín. Ó ní òun fẹ́ wọkọ̀ dé Wásinmi, wọ́n ti ja òun lólè. Ìyá Àgbà fún un lómi, ó mu ún. Wọ́n bi í ní ìbéèrè wọn. Ó ní Kẹ́mta ni òun.

"Háà, Kẹ́mta!" ni Ìyá Àgbà wí, inú wọn dùn. "Ìlú ìyá tó bí mi. Agbo ilé wo?"

Ọkùnrin náà dárúkọ agbo ilé kan.

"Ó mà ṣe o, o ti délé nìyẹn. Bàbá Àlàó, ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá, òdìkejì títì níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ń gbé. Àbẹ̀kẹ́, sáré pè wọ́n wá, kí o ní ará ilé wọn dé."

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Kí n tó dá títì kọjá, ọ̀gbẹ́ni ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bó ṣe ń sáré, bàtà sílípáàsì rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ojúde rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń dì mọ́ ikùn. Ìyá Àgbà mú bàtà yẹn, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri lókè ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹni tó bá béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á sọ ìtàn náà fún un, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ kan náà parí rẹ̀: "Ẹni tó bá nílé kì í sá fún ará ilé ẹ̀."

Ẹ má gbà pé ahun ni wọ́n o. Bí o bá dáhùn ìbéèrè náà bó ṣe yẹ, wàá rí ọwọ́ wọn. Opó kan wá láti Ìjẹ̀un, ó dárúkọ ìlú, ó dárúkọ agbo ilé, ó kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíra níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi sùn sí yàrá wa, ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n tọ́jú de Iléyá ni wọ́n sè fún un. Bàámi, tó jẹ́ akọ̀wé ní Ìbarà, kùn díẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ẹni tí mo mọ ibi tó ti wá, mo mọ ibi tí mo ń bù ú sí." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Mo máa ń sọ ọ́ nílé ìwé fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, bí ẹni pé èmi ni mo ni ín.

Obìnrin mìíràn wá nígbà ọyẹ́ kan. Àwọn ológun ló ṣì ń ṣèjọba, wọ́n ń múra láti gbé e sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú. Nǹkan ti le ní Gánà, àwọn ọmọ wa tó kù níbẹ̀ sì ń rọ́ wálé díẹ̀díẹ̀. Irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀, ìró rẹ̀ ò rí bí a ṣe ń ró o, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́. Kò kúnlẹ̀ tán, ó kàn tẹ orúnkún díẹ̀. Ìyẹn nìkan ti bà á jẹ́ lójú wa.

Ó ní Kùmásì ni àwọn ti ń bọ̀. Bàbá òun wà nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Láfẹ́nwá, apá kan ara wọn ti rọ, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ kú sílé baba wọn, òun ò sì mọ ilé náà. Awakọ̀ ti ní bí ọmọ ò bá tètè padà dé, òun máa sọ bàbá náà kalẹ̀. Àwọn ará gáréèjì ló ní kó wá sọ́dọ̀ Ìyá Alábọ́, pé kò sí agbo ilé tí wọn ò mọ̀. Kó rí ẹni tó máa bá a wá ilé ni ó ń fẹ́, àti nǹkan díẹ̀ tó máa fi bẹ awakọ̀.

Ìyá Àgbà ní kí n fún un lómi. Mo bu omi fún un.

"Ọmọ ìlú wo nínú Ẹ̀gbá ni bàbá ẹ?"

"Abẹ́òkúta ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Abẹ́òkúta náà la wà yìí. Ìlú wo?"

"Abẹ́òkúta náà ni wọ́n máa ń pè é fún wa. Bí wọ́n bá ti ń pè é, ẹkún ni."

"Agbo ilé ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Àkànní ni wọ́n ń pe bàbá mi." Ó ronú, ojú rẹ̀ wá là bíi pé ó ti rí ohun tó máa gbà á. "Wọ́n ní àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wọn!"

Yéè! Àpáta kan, l'Abẹ́òkúta! Ilé wo ni kò ní àpáta lẹ́yìn? Àwọn obìnrin tó wà lójúde pa àtẹ́wọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìkòkò omi wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí bàtà tó wà lára ògiri. "Ọmọ mi, ọmọ Abẹ́òkúta kan ò sí l'Abẹ́òkúta. Lọ to irọ́ ẹ dáadáa, kó o tó padà wá."

Obìnrin náà wo bàtà náà, kò yé e. Ó mu omi tó kù, ó rọra gbé abọ́ kalẹ̀ kó má baà dún. "Ẹ ṣeun fún omi, Màmá," ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Múnì wá. Agbo ilé Ìyá Múnì ló wà lẹ́yìn ilé wa gan-an, lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tí àwa ọmọdé máa ń sá aṣọ lé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í jáde púpọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìborùn wọn ò gún lórí. Wọ́n ní ẹnì kan ti Kùmásì dé, ó wá kí àwọn, ó ní, "Ara Bàbá ńkọ́?" Àwọn ní bàbá wo? Ó ní Àkànní, àbúrò wọn tó ti lọ láti ìgbà èwe, ṣé kò délé ni? Ó ní ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e wá. Wọ́n wá sáré lọ sí gáréèjì Láfẹ́nwá, níbi tí ọkọ̀ ń já èrò sí. Àwọn ará gáréèjì ní àwọn rántí bàbá kan. Orí bẹ́ǹṣì ni ó kú sí kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀. Àwọn àáfà tó wà nítòsí ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n sin ín sí ìtẹ́ gbogbogbòò láàárín àwọn tí kò léèyàn. Ọmọ rẹ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà.

"Ìyá Alábọ́," ni Ìyá Múnì wí, "ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo èèyàn. Ẹ bá wa béèrè o. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀. Bóyá ẹnì kan rí i. Bóyá ó yà síbì kan, ó sọ nǹkan kan. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, Àkànní mi ò sì délé."

Mo wo Ìyá Àgbà. Abọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò gbé e sílẹ̀, wọn ò sì gbé e sókè. Gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ń wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Mo gbọ́ o." Nígbà tí Ìyá Múnì lọ tán, wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Wọn ò bá wa jẹun.

Bàámi gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́, wọ́n bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n má lọ sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á. Ara bàbá yẹn ò yá tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá lọ sọ ọ́, ọ̀tá lẹ máa dá sílẹ̀ láàárín ilé sí ilé. Ta ló mọ̀? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀."

"Òun nìkan náà ti pọ̀ jù fún mi," ni Ìyá Àgbà wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n da ìborùn funfun bo orí, wọ́n di èjìká mi mú, a gun òkè lọ. Ní àárín agbo ilé Ìyá Múnì, níwájú àwọn ọmọ wọn àti àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n lè bí, Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n sọ ìbéèrè tí wọ́n bi í, wọ́n sọ ohun tó dáhùn, wọ́n sọ ti àpáta. Ẹ ò rí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé ojú sókè, mo rí àpáta náà lẹ́yìn wọn, ó ga ju òrùlé lọ, díẹ̀ nínú aṣọ wa ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n sọ ti ẹ̀rín pàápàá. Wọ́n ní, "Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi sì bá mi rẹ́rìn-ín."

Bí àgbàlagbà bá kúnlẹ̀ láàárín wa, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Kí eékún rẹ̀ tó kanlẹ̀, wọ́n á ti sáré gbé e dìde, wọ́n á ní ó ti tó, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sáré. Ìyá Múnì wo wọ́n títí ọmọ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún nínú yàrá.

"Ẹ dìde, Ìyá Alábọ́," ni Ìyá Múnì wí. "Ẹ ò pa á. Ìta lẹ kàn jẹ́ kó kú sí."

Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí wọn. Èjìká mi ni wọ́n fi dìde. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ní, "Ẹyin lohùn, Àbẹ̀kẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè ọ̀hún kú lẹ́nu wọn. Wọ́n yọ bàtà kúrò lára ògiri, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní, "Olówó rẹ̀ lè padà wá. Bóyá ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn." Mo rò pé àwàdà ni. Ojú wọn ò fi àwàdà hàn.

Ẹnikẹ́ni tó bá wá, wọ́n á fún un. Ará Ìlọrin, ará Ìjẹ̀bú, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Wọ́n á fún un lómi, wọ́n á fún un ní ohun tó béèrè tàbí ìdajì rẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ní gbogbo Jímọ̀, wọ́n á ṣe sàárà, wọ́n á ní kí àáfà dárúkọ Àkànní ọmọ Ìtòkò. Wọn ò sì gba Láfẹ́nwá kọjá mọ́. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gba ibẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn yí i ká.

Ṣé ẹ rò pé àwọn oníjìbìtì ò ní gbọ́? Wọ́n gbọ́ kíá. Ọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ kú, tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ tún wá kú. Mo ti dàgbà nígbà náà, mo ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ sì máa ń yára dé ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá tí ẹ sin lọ́jọ́sí ńkọ́? Ó jí ni?" Ìyá Àgbà ní kí n dákẹ́. "Bù fún un. Bóyá ìyá méjì ló ní." Ọkùnrin náà gbà á, kò tilẹ̀ tijú.

Àwa la tijú. Mo ní láti sọ ọ́ báyìí, nítorí pé òótọ́ ni: ojú Ìyá Àgbà ń tì wá. Bàámi ní wọ́n ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ débi iṣẹ́, pé wọ́n ń pe ilé wa ní "ilé gbà-á-lọ́fẹ̀ẹ́." Lásìkò Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, nígbà tí burẹ́dì di oúnjẹ olówó, Bàámi bínú gan-an. "Ìyá, wọ́n ń rẹ́ yín jẹ! Gbogbo wọn ló ń rẹ́ yín jẹ!"

Ìyá Àgbà ń nu abọ́. Wọn ò gbójú sókè. "Ẹni tó rẹ́ mi jẹ, ó kúkú jẹ. Ẹni tí mo lé lọ ńkọ́?"

A kàn ń dúró de ọjọ́ tí ìwà náà máa kúrò lára wọn, bí ẹni ń dúró de kí òjò dá. Ìwà náà ò kúrò. Àwọn ló kúrò.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ojúde kún. Ìyá Múnì wà níbẹ̀, ojú wọn ti ń fọ́, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí. Láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì ń kíra wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n ń ṣe Iléyá pọ̀. Mi ò gbọ́ kí èyíkéyìí nínú wọn tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo ń pín oúnjẹ. Oòrùn mú, àáfà ń ṣe wàásù, àwọn àlejò ń pè mí lọ́tùn-ún lósì, iye abọ́ tó kù nínú ìkòkò ni mo sì ń rò.

Ọkùnrin kan dé ẹnu ọ̀nà, eruku bò ó lẹ́sẹ̀, àpò kékeré wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Kò mọ̀ pé òkú ni a ń ṣe. "Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ìyá kan wà níbí tó máa ń ran èèyàn lọ́wọ́."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wo àpò rẹ̀. Mo rántí ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti là, ohùn ìyá mi àgbà ló sì ti ibẹ̀ jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń bi í.

"Ọmọ ìlú wo nínú Ẹ̀gbá?"

Áà! Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti jáde. Bàámi yíjú wò mí. Àwọn obìnrin méjì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí tẹ orí ba. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun kì í ṣe Ẹ̀gbá, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n ti lé rí.

Ìyá Múnì gbé orí sókè. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ọmọ Ìtòkò ni," ni wọ́n wí. "Agbo ilé wa ló ti wá."

"Rárá o, Màmá," ni ọkùnrin náà wí, "ọmọ Ìgbómìnà ni mí."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Múnì wí. "Jókòó. O ti délé." Wọ́n fọwọ́ tẹ ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n wá yíjú sí ibi tí ohùn mi ti wá. "Àbẹ̀kẹ́, bu oúnjẹ fún un."

Mo mú èyí tó tóbi jù nínú abọ́ Ìyá Àgbà, mo bù ú kún, mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, mo gbé e fún un. Ó ní kí n dìde, kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé èmi ni mò ń ṣe é lóore. Mi ò dìde títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.